Ilé Ẹ̀wọ̀n Tí Ó Di Ibi Àríyá

 

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá kó gbogbo ìwé ìpè tí wọ́n fi pè yín sí ìnáwó láàárín ọdún kan jọ, ẹ ó rí i pé ibi tí wọ́n ń pe ènìyàn sí ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Láyé àwọn bàbá wa, iwájú ilé ni wọ́n ń ta àtíbàbà sí. Wọn a dí ojú títì, wọn a to àga, àwọn ìyá a sì máa dáná ní ẹ̀yìnkùlé. Lóde òní, gbọ̀ngàn ni wọ́n ń gbà. Nínú àwọn gbọ̀ngàn àti ọgbà tí wọ́n ń gbà yìí, àwọn kan wà tí wọn kò kọ́ nítorí àríyá rárá. Ọ̀kan ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Ọ̀kan jẹ́ ilé tí àwọn òyìnbó ọ̀gá rélùwéè ń gbé. Ọ̀kan jẹ́ ilé ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ owó orí ti dá ìjà sílẹ̀. A jókòó, a jẹun, a gba ẹ̀bùn ìnáwó, a bọ́ sínú mọ́tò, a lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò béèrè ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a to àga lé.

Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa nìyí: ilé àtijọ́ tí kò bá rí ìlò kì í pẹ́ wó, nítorí náà àwọn tí ó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ibi ìpéjọ ti ṣe ohun tí ó yẹ kí a dúpẹ́ lé lórí. Ṣùgbọ́n ìlò kan náà lè bo ìtàn ilé mọ́lẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ lé ojú ihò. Èkó àti Ìbàdàn ni a ó ti mú àpẹẹrẹ jù, a ó ya ìlú òyìnbó díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó padà sí ilé tiwa, èyíinì ni àwọn mọ́sálásí tí àwọn baba ńlá wa kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìjọba tí ó bá sì gba ìlú onílùú yóò wá ibi tí yóò máa ti àwọn aláìgbọràn mọ́. Ní ọdún 1882, wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan sí Broad Street. Ògiri amọ̀ ni, koríko ni wọ́n sì fi bo òrùlé rẹ̀. Ilé náà kò tọ́jọ́. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí ìjọba àjèjì a máa ju iná sí orí koríko náà, ilé a sì jó. Nígbà tí ó di ọdún 1885, ìjọba kó bíríkì sínú ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó, wọ́n sì tún ọgbà ẹ̀wọ̀n náà kọ́ kí iná má baà ràn án mọ́. Àwọn tí ó kọ ìtàn ọgbà náà sọ pé £16,000 ni ìjọba ná lórí ẹ̀wọ̀n ní ọdún náà, nígbà tí owó tí wọ́n ná lórí ẹ̀kọ́ kò ju £700 lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba amúnisìn wá ṣe ní ilẹ̀ wa, iye owó méjèèjì yìí ti tó o kà. Fún gbogbo kọ́bọ̀ kan tí ọmọdé rí fi kàwé, ẹ̀wọ̀n gba ohun tí ó ju ogún kọ́bọ̀ lọ.

Ta ni wọ́n tì mọ́ ibẹ̀? Olè wà níbẹ̀, apànìyàn wà níbẹ̀, a kò ní sọ pé kò sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yẹgi fún ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá ikú fún. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wọ ibẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tàbí ohun tí wọ́n kọ ni ó kó bá wọn. Herbert Macaulay wà lára wọn. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ọdún 1928 nítorí ìròyìn tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Ọba Eshugbayi Eleko, ẹni tí ìjọba ti rọ̀ lóyè ní 1925.

A dúró díẹ̀ lórí Macaulay, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa kan rò pé ìtàn rẹ̀ kò kan Mùsùlùmí. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni lóòótọ́, síbẹ̀ àwọn Mùsùlùmí Èkó wà lára àwọn tí ó dúró tì í jù lọ. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá láìsan owó tí ó yẹ, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ni ó gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní 1920, òun àti Macaulay jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ní 1921, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nínú ìjọba Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre: ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ará ìlú, ìjọba tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Ọkùnrin tí ó bá wa jà fún ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n tì mọ́ inú ògiri bíríkì ní ọdún méje lẹ́yìn náà.

Ọgbà náà kò sì tì nígbà tí òyìnbó lọ. Ní 1963, lẹ́yìn òmìnira, ilé-ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé. Lateef Jákàńdè, ọmọ Mùsùlùmí tí ó jẹ́ akọ̀ròyìn, wà nínú wọn. Orúkọ àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street gbà rí. Ọdún 1966 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: ọdún 1979 tí wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ọdún náà gan-an ni Jákàńdè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó.

Lẹ́yìn tí wọ́n wó o, ilẹ̀ náà wà lásán. Ó di ààtàn ní àárín gbùngbùn Èkó, níbi tí ẹsẹ̀ bàtà kan ilẹ̀ ti wọ́n ju góòlù lọ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti sunkún, tí àwọn kan sì kú sí, pàǹtí ni wọ́n ń dà sí i. Ọ̀gbẹ́ni Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ni ó gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ tí yóò máa rán àwọn ènìyàn létí ohun tí ó ti wà níbẹ̀. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kí àbá náà tó di òtítọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún tí ó gba òmìnira, ní àkókò Gómìnà Babátúndé Raji Fáṣọlá, wọ́n ṣí ọgbà náà, wọ́n sì pè é ní Freedom Park, ọgbà òmìnira.

Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí yóò rí i pé ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ kò fẹ́ pa ìtàn mọ́. Ògiri bíríkì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà, wọ́n to àwọn ìsọ̀ kéékèèké ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tí ó dúró síbẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí yàrá ẹ̀wọ̀n ti há tó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán sí náà wà, omi ń tú jáde láti inú ilẹ̀, igi sì ń ṣe ìbòòji. Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìwé níbẹ̀, wọ́n ń ṣe eré orí ìtàgé, àwọn kan ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn olórin sì ń kọrin di òru. Orí ìtàgé ńlá tí àwọn olórin ń dúró lé, ibi tí igi ìyẹ́gi wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

A fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá, ó sì tún rú wa lójú. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún òkú. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe dìde dúró nígbà tí wọ́n ń gbé òkú kan kọjá. Wọ́n sọ fún un pé òkú Yàhúdí ni. Ó fi yé wọn pé ẹ̀mí kan ni ẹni yẹn náà. Bí ó bá dìde fún òkú ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, kí ni a ó ṣe níbi tí ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀ ti bọ́? Ẹni tí wọ́n yẹgi fún lè jẹ̀bi, ó lè jẹ́ aláìṣẹ̀, Ọlọ́hun ni Ó mọ̀. Kí ìlù wá máa dún lórí ilẹ̀ náà, kí ọtí máa ṣàn níwájú rẹ̀, ó le kí ọkàn onígbàgbọ́ tó gbà á.

Àwọn kan nínú wa ti torí èyí pinnu pé àwọn kò ní tẹ ibẹ̀. A bọ̀wọ̀ fún ìpinnu wọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé òru ni wọ́n pè wọ́n wá, tí wọ́n sì mọ irú àríyá tí yóò wáyé. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí ààtàn. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ilẹ̀ náà fi wà lọ́wọ́ wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, tí ẹnikẹ́ni kò dìde dúró fún òkú kankan. Pàǹtí ni a ń dà lé wọn lórí. Bí kò bá sí ọgbà yìí, ilé ìfowópamọ́ alájà ogún tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ì bá wà níbẹ̀, orúkọ Broad Street ì bá sì máa rán ènìyàn létí owó nìkan. Ohun tí a rò ni pé àṣìṣe ibẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa tí a ń lọ. Òru ni a ń lọ, nígbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, iná orí ìtàgé sì ti bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ ní òwúrọ̀ yóò bá ibi mìíràn pàdé.

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé gbọ̀ngàn ni Mápó láti ìpìlẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i ní 1929, nígbà tí Sir Graeme Thomson jẹ́ gómìnà Nàìjíríà. Ẹnjiníà òyìnbó tí ó kọ́ ọ, Robert Jones, Taffy ni àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n sí. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, pẹ̀lú àwọn òpó gàgàrà níwájú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá wà ní Ọjà Ọba máa gbójú sókè wò ó. Ó dá wa lójú pé ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an nìyẹn.

Nínú ilé náà ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ń jókòó. Adégòkè Adélabú, Gbàdàmọ́sí ọmọ Ìbàdàn, tí ó di alága ìgbìmọ̀ ní 1954, ti sọ̀rọ̀ ní Mápó débi tí òkè kún fún ènìyàn, kí ó tó kú sínú ìjàǹbá mọ́tò ní oṣù kẹta ọdún 1958. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé Ìbàdàn tọ́ lọ sí Mápó láti sọ fún ìjọba pé owó orí ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, pé kòkó kò mówó wọlé mọ́, pé àwọn tí ó ń gba owó orí ń bọ́ wọn láṣọ nínú oko wọn. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà ti gbiná ní Ìbàdàn, Táfà Adéoyè sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ ẹni tí ń kírun.

Lónìí, ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ lọ wo Mápó. Ìyàwó kan ń jáde, òmíràn ń wọlé. A ti rí ìnáwó yìgì níbẹ̀, a ti rí ìsìnkú àgbà, a ti rí ìpàdé ẹgbẹ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi Olúbàdàn jẹ: Ọba Saliu Adétúnjí ní 2016, Ọba Lékan Balógun ní 2022, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ní 2024, Ọba Rashidi Ládọjà ní 2025. Ohun kan wà tí a fẹ́ràn nínú èyí. Ọmọ ìyá aláta ní Ọjà Ọba lè wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ láti fi dẹ́rù ba bàbá ńlá rẹ̀, kí ó sì máa jó níbẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó ni ín. Òun ni ó ni ín lóòótọ́, owó orí bàbá ńlá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí ó dúró sí ya fọ́tò. Bí kò bá mọ̀, ẹ má bá a wí. Ẹ bi ẹni tí ó bí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí kò rí ìlò. Ní gbàgede Tinubu ní Èkó, ilé alájà kan wà tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ ní bíi 1855. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolana Ọláìyá rà á, ó sì fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, Ilọ́jọ. Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, irin ọnà wà lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti rí ìlú Bahia ní Brazil yóò mọ ibi tí ọnà náà ti wá. Ní 1956, ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí ó jẹ́ ọjọ́ Àráfà, tí Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, tí oníkálùkù sì ń wá àgbò Iléyá, ẹ̀rọ katakátá wọ ibẹ̀. Kí a tó kírun ọdún ní ọjọ́ kejì, Ilọ́jọ ti di òkìtì.

Ilé ìdílé tí kò mówó wọlé, lórí ilẹ̀ tí ó wọ́n jù ní Èkó, kì í pẹ́ kí ojú tó wọ̀ ọ́. Òfin nìkan kò lè gbé òrùlé ró. Ẹ fi í wé ilé Jaekel ní ọgbà rélùwéè Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ wó kí ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Legacy tó tún un ṣe. Ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní 2010, àwọn ènìyàn sì ń ṣe ìgbéyàwó nínú ọgbà rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò lábẹ́ igi rẹ̀. Ó ṣì dúró.

Ìgbà kan wà tí ilé ìjọsìn àwa Mùsùlùmí náà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìtàn rẹ̀ sì kan Èkó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, wọ́n ṣí mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street. Muhammad Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João da Costa, Àgùdà tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ni ó kọ́ ọ fún un, ìdí nìyẹn tí iwájú rẹ̀ fi jọ ilé àwọn ará Brazil. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Sultan Abdul Hamid ti ilẹ̀ Tọ́kì rán ènìyàn wá láti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà ni Abdullah Quilliam, lọ́yà òyìnbó láti Liverpool tí ó ti gba Ìsìláàmù ní 1887.

Quilliam yìí ní mọ́sálásí tirẹ̀ ní Liverpool, ní ilé kan ní Brougham Terrace, tí ó ṣí ní 1889. Nígbà tí ó kúrò ní ìlú náà ní 1908, ìjọ tú ká, wọ́n ta ilé náà, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ìlú. Wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ti òkú, àti ti ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ará Liverpool fi ń ṣe ìgbéyàwó wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń jáde pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, láìmọ̀ pé ilé ìjọsìn Mùsùlùmí ni. Yàrá tí wọ́n ti ń kírun, ìwé ni wọ́n tò kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìjọba ń lò ó, wọn kò wó o. Ogiri rẹ̀ dúró títí àwọn Mùsùlùmí ìlú náà fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n gba ilé náà padà, tí wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kírun níbẹ̀ ní 2014. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láti ìgbà tí Quilliam ti lọ.

Mọ́sálásí Shitta-Bey ní tirẹ̀ kò bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá fi ṣe wákáfù, tí a fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́, kò sí àrólé tí ó lè tà á, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ di gbọ̀ngàn àpèjẹ. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2013, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ìrun ti ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé wákáfù nìkan ti tó. Mọ́sálásí Jímọ́ọ̀ Èkó àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1913, kò sí mọ́. Ìjọ ti pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí, tí wọ́n ṣí ní 1988. A kò dá àwọn àgbà lẹ́bi. Ènìyàn ń kírun lójú títì nínú òjò. Ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, ìdààmú kan náà bá wọn. Mọ́sálásí ńlá wọn, tí àwọn ọmọ Àgùdà Mùsùlùmí kọ́ láàárín 1912 sí 1925, tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia láti ìta débi tí àlejò fi máa ń ṣì í mọ̀, ti kéré jù. Wọ́n kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí a yìn wọ́n, ṣùgbọ́n àtijọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbó, ọ̀dà bó lára rẹ̀, nígbà tí ìrun kúrò níbẹ̀, tí iṣẹ́ mìíràn kò sì rọ́pò rẹ̀.

Èyí ni ó mú wa kọ̀wé sí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àti ẹ̀yin olórí ìdílé. Ilé kéwú alámọ̀ tí àfáà àkọ́kọ́ ní àdúgbò yín ti kọ́ àwọn ọmọ ní Àlùkùránì, mọ́sálásí ràtìbì kékeré tí ó ti há, ilé Àgùdà tí bàbá yín fi sílẹ̀: àwọn akọ́lé yóò wá bá yín, wọn yóò ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn wó o, kí àwọn kọ́ gbọ̀ngàn alátẹ́gùn tútù tí ẹ ó máa gba owó rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè bóyá ògiri àtijọ́ lè gba iṣẹ́ tuntun. Ilé ìkàwé lè wà nínú mọ́sálásí àtijọ́, ilé kéwú àwọn obìnrin náà lè wà níbẹ̀, wákáfù kò sì ní bàjẹ́. Ilé ìdílé ní tirẹ̀ lè gba ìnáwó wọ̀límọ̀ àti ti yìgì nínú àgbàlá rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì máa fi tún òrùlé ṣe. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ sí ara ògiri, pẹ̀lú ọdún, kí àlejò tí ó wá jẹun rí i kà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kó ara yín jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kí ẹ lọ sí Broad Street. Ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọgbà náà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ dúró sí àárín ìsọ̀ kan, kí ẹ na apá yín méjèèjì láti mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Láti ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn gba gbàgede Tinubu, kí ẹ wo ibi tí Ilọ́jọ wà rí. Bí ẹ kò bá fi àkókò ṣòfò, ẹ ó dé Martins Street kí wọ́n tó pe ìrun Àìlà. Omi àlùwàlá wà níbẹ̀.